Fóònù Méjì, Àpò Kan

Àwọn àgbà a máa wí pé, "Ọ̀wọ́n là ń ra ògo, ọ̀pọ̀ là ń ra ọ̀bùn." Ìtumọ̀ òwe yìí ni pé ohun tí ó dára kì í sábà rọrùn ní owó, àti pé ẹni tí ó bá ń sá tẹ̀lé ọjà ọ̀pọ̀ nìkan lè ra ìyà wọ ilé. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà kan náà ni wọ́n tún wí pé, "Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́," èyí ni pé kí olúkúlùkù ná owó rẹ̀ bí agbára rẹ̀ ti mọ. Ní ọjọ́ ọjà, òwe méjèèjì yìí a máa jà nínú ọkàn ẹni tí ó ní owó díẹ̀ lọ́wọ́, tí ó sì rí ọjà méjì tí ó wù ú níwájú rẹ̀. Ojú nìkan kò lè parí irú ìjà bẹ́ẹ̀. Ìfiwéra àti ìṣirò ni a fi ń parí rẹ̀.

Kò tíì pẹ́ púpọ̀ tí tẹlifóònù jẹ́ ohun tí mẹ̀kúnnù kì í dárúkọ. Ní Ìbàdàn, ọ́fíìsì ìjọba, ilé ìwòsàn ńlá, ilé àwọn oníṣòwò pàtàkì àti ilé àwọn ọ̀mọ̀wé ní Bódìjà ni a ti sábà máa ń gbọ́ ohùn aago rẹ̀. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2001, ìjọba àpapọ̀ ta ìwé àṣẹ fún àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifóònù alágbèéká ní mílíọ̀nù 285 dọ́là Amẹ́ríkà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ó fi di oṣù kẹjọ ọdún náà, Econet àti MTN ti bẹ̀rẹ̀ sí í ta ìlà fún gbogbo ènìyàn. Glo sì darapọ̀ mọ́ wọn ní ọdún 2003. Ní ìgbà náà, ọ̀rọ̀ sísọ ni iṣẹ́ tí a mọ̀ mọ́ fóònù. Lónìí, fóònù ti di báńkì, ó ti di ìwé, ó ti di ilé ayàwòrán, ó sì ti di àtẹ tí a ń pa ọjà sí. Oníṣòwò tí fóònù rẹ̀ bá kú, àfi bí ẹni pé wọ́n ti ilẹ̀kùn ìsọ̀ rẹ̀ mọ́ ọn.

Èyí ni ó ṣẹlẹ̀ sí aránṣọ kan ní agbègbè Challenge ní ọdún 2023. Fóònù àtijọ́ ni ó ń lò. Gíláàsì rẹ̀ ti sán láti igun dé igun, bátìrì rẹ̀ kì í sì í pé ọ̀sán kí ó tó kú. Ní ọjọ́ kan, oníbàárà kan fi ìwọ̀n ara àwọn ọmọge mẹ́fà ránṣẹ́ sí i pẹ̀lú àwòrán irú aṣọ tí wọ́n fẹ́ wọ̀ níbi ìgbéyàwó. Fóònù náà ti kú, iná kò sì sí. Kí ó tó rí iṣẹ́ náà kà ní ọjọ́ kẹta, wọ́n ti gbé aṣọ wọn lọ sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn. Aránṣọ náà kò bínú sí oníbàárà rẹ̀. Ohun tí ó wà lọ́wọ́ ara rẹ̀ ni ó bínú sí.

Owó àjọ tí ó fi ọdún kan dá ti bọ́ sí i lọ́wọ́, ó sì jẹ́ ₦360,000. Ṣùgbọ́n owó náà ní ẹni tí ń wò ó lójú. Ó ku ₦120,000 kí ó san owó ìsọ̀ rẹ̀ tán, onílé sì ti sọ fún un pé òun kò ní fi kún ọjọ́ tí òun dá. Nítorí náà, nígbà tí ó ké sí àbúrò rẹ̀ ọkùnrin pé kí ó bá òun lọ ra fóònù, kì í ṣe fàájì ni wọ́n ń bá lọ. Àbúrò náà jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, ó ń gbé ní Àgbowó, ní òdìkejì ẹnu ọ̀nà Yunifásítì Ìbàdàn. Ó mú ìwé àjákọ kan àti kálàmù dání, nítorí ó ti pinnu pé wọn kì yóò fi ẹnu ná ohun tí wọ́n lè fi ìṣirò wádìí.

Wọ́n pàdé ní Dùgbẹ̀, lábẹ́ òjìji Ilé Kòkó tí wọ́n kọ́ parí ní ọdún 1965, èyí tí àwọn ará Ìbàdàn ń pè ní Ilé Àwòṣífìlà nítorí gíga rẹ̀. Wọ́n wọ ṣọ́ọ̀bù kan. Olùtajà na fóònù tòkunbọ̀ kan sí wọn kí wọ́n tó sọ̀rọ̀, ó ní, "Àǹtí, èyí ni àwọn ńlá ńlá ń lò." Aránṣọ náà béèrè ọdún mélòó tí ẹni àkọ́kọ́ ti fi lò ó, àti bí bátìrì rẹ̀ ti gbó tó. Olùtajà kò rí èsì kan pàtó fọ̀. Wọ́n sì fi tòkunbọ̀ sílẹ̀, wọ́n ní tuntun ni àwọn ń wá.

Nígbà náà ni olùtajà kó fóònù méjì sílẹ̀ lórí gíláàsì. Èkíní ni Samsung Galaxy A54, tí ilé iṣẹ́ Samsung ti orílẹ̀-èdè Kòríà gbé jáde ní oṣù kẹta ọdún 2023. Èkejì ni Infinix Note 30 Pro, tí òun náà jáde ní ọdún kan náà. Infinix jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn orúkọ tí ilé iṣẹ́ Transsion ti ìlú Shenzhen ní orílẹ̀-èdè Ṣáínà fi ń ta fóònù. Tecno àti itel ni àwọn ìyókù tí a mọ̀ jù. Ilẹ̀ Áfíríkà ni Transsion ti ń rí ọ̀pọ̀ nínú àwọn oníbàárà rẹ̀. Nínú ẹ̀kọ́ yìí, a ó mú un pé ₦350,000 ni Samsung, ₦230,000 sì ni Infinix. Ìṣirò ni a fẹ́ fi iye wọ̀nyí ṣe, nítorí owó ọjà a máa yí padà láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Láti oṣù kẹfà ọdún 2023 pàápàá, tí báńkì àpapọ̀ ti jẹ́ kí ọjà máa dá iye náírà sí dọ́là, gbogbo ohun tí ó ń ti òkè òkun wá ni ó gbówó lórí.

Àbúrò náà fa ìlà sí àárín ìwé rẹ̀, ó kọ orúkọ fóònù kọ̀ọ̀kan sí apá kan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tò wọ́n lẹ́sẹẹsẹ.

Ohun àkọ́kọ́ ni ojú fóònù. Ti Samsung jẹ́ íńṣì 6.4, ti Infinix jẹ́ íńṣì 6.67. Irú gíláàsì kan náà, tí a ń pè ní AMOLED, ni ó wà lójú àwọn méjèèjì, àwòrán sì lè yí ní ìgbà 120 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Níhìn-ín, ìyàtọ̀ kò tó ohun tí a ń tìtorí rẹ̀ san ₦120,000. Ẹni tí ojú ń dùn lè fẹ́ èyí tí ó tóbi. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kéré lè fẹ́ èyí tí ó mọ níwọ̀n.

Ohun kejì ni ọpọlọ fóònù àti àká rẹ̀. Ọpọlọ ti Samsung, tí ń jẹ́ Exynos 1380, yá ju ti Infinix lọ, èyí tí ń jẹ́ Helio G99. Ẹni tí ń ta ayò ńlá lórí fóònù yóò rí ìyàtọ̀ náà, ṣùgbọ́n ẹni tí ń fi àwòrán aṣọ ránṣẹ́ lórí WhatsApp kò ní fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n. Èyí tí olùtajà gbé jáde nínú oríṣi méjèèjì ní àká GB 256. Ohun kékeré kan sì wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í béèrè títí wọn yóò fi dé ilé: ẹni tí ó bá fẹ́ fi káàdì ìpamọ́ kún àká Samsung yìí yóò yọ síìmù kejì kúrò, nítorí ihò kan náà ni káàdì àti síìmù kejì ń pín. Ní ìlú tí ọ̀pọ̀ oníṣòwò ti ń lo síìmù méjì, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe kékeré.

Ohun kẹta ni kámẹ́rà, ibẹ̀ sì ni olùtajà ti gbé ohùn sókè. Ó ní, "Ẹ wò ó, àádọ́ta ni ti Samsung, ti Infinix jẹ́ méjìdínláàádọ́fà! Ṣé ẹ rí i pé èyí tí owó rẹ̀ kéré ló tún ju èkejì lọ?" Ẹni tí kò bá mọ̀dí ọ̀rọ̀ yóò gbà á gbọ́. Òtítọ́ ni pé àmì àwòrán mílíọ̀nù 108 ni ó wà lójú kámẹ́rà Infinix, mílíọ̀nù 50 sì ni ó wà lójú ti Samsung. Ṣùgbọ́n àwọn àmì wọ̀nyí kéré púpọ̀, ìmọ́lẹ̀ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè gbà kò sì tó nǹkan. Nítorí náà ni fóònù fi máa ń so wọ́n pọ̀ nígbà tí ó bá ń ya àwòrán lásán: Infinix a máa so mẹ́sàn-án pọ̀ di ọ̀kan, Samsung a sì máa so mẹ́rin pọ̀ di ọ̀kan. Bí a bá fi 9 pín 108, ó di 12. Bí a bá fi 4 pín 50, ó di 12½. Lẹ́yìn gbogbo ariwo, iye tí ó kù sínú àwòrán àwọn méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Nọ́ńbà ńlá tí wọ́n kọ sí ara páálí ọjà kò sọ gbogbo òtítọ́.

Aránṣọ náà kò bá wọn jiyàn. Ó tú àpò rẹ̀, ó mú àǹkárá kan, léèsì kan àti adìrẹ ẹlẹ́kọ kan jáde, ó ní kí wọ́n fi fóònù méjèèjì ya wọ́n. Ní ìta, nínú oòrùn, kò sí ẹni tí ó lè sọ èyí tí ó dára jù nínú àwòrán méjèèjì. Nígbà tí wọ́n wọlé padà sí igun tí ó ṣókùnkùn nínú ṣọ́ọ̀bù, ọ̀rọ̀ yí padà. Ti Samsung dá ṣáká, ihò léèsì sì hàn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ti Infinix rú díẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé Samsung ní ohun èlò kan nínú kámẹ́rà rẹ̀ tí ń dẹ ìgbọ̀n ọwọ́ lẹ́kun nígbà tí ìmọ́lẹ̀ kò bá tó, Infinix yìí kò sì ní in. Samsung tún ní ojú kámẹ́rà mìíràn tí ń gba ibi gbígbòòrò, bí ẹni pé gbogbo ẹbí tí ó tò ní iwájú ilé. Ní ti kámẹ́rà, Samsung ni ó borí. Inú aránṣọ náà dùn sí àwòrán léèsì náà tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi tètè gbé fóònù náà sílẹ̀.

Ohun kẹrin ni iná. Bátìrì méjèèjì dọ́gba: mAh 5,000 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n bí àgbá omi méjì bá tóbi dọ́gba, tí ẹnu páìpù ọ̀kan sì tóbi ju ti èkejì lọ, wọn kò ní kún ní wákàtí kan náà. Samsung lè gba iná wáàtì 25, ó sì máa ń ju wákàtí kan lọ kí ó tó kún. Infinix lè gba wáàtì 68, kò sì tó wákàtí kan tí yóò fi kún. Ní ìlú tí iná bá ń wà ní gbogbo ọjọ́, ìyàtọ̀ yìí kò já mọ́ nǹkan. Ní Challenge, níbi tí iná lè dé fún ogójì ìṣẹ́jú péré kí ó tó lọ, ó já mọ́ nǹkan púpọ̀. Nígbà tí ìjọba fi opin sí owó ìrànwọ́ orí epo ní òpin oṣù karùn-ún ọdún 2023, owó lítà epo bẹntiróòlù kan fò láti ìsàlẹ̀ ₦200 kọjá ₦480. Gbogbo wákàtí tí a bá fi jẹnẹrétọ̀ fún fóònù ní iná ti di owó gidi. Síwájú sí i, ṣájà ti Infinix wà nínú páálí rẹ̀, ṣùgbọ́n okùn nìkan ni Samsung fi sí inú ti rẹ̀. Ẹni tí ó bá rà á yóò tún ra orí ṣájà. Àbúrò náà kọ ₦15,000 sí abẹ́ orúkọ Samsung.

Ohun karùn-ún ni nẹ́tíwọ̀ọ̀kì. Samsung ní 5G, Infinix Note 30 Pro kò kọjá 4G. Ní oṣù kejìlá ọdún 2021 ni àjọ NCC ta ìwé àṣẹ 5G ní Nàìjíríà, MTN sì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022. 5G yára, ṣùgbọ́n kì í dé gbogbo àdúgbò lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tí ó bá fẹ́ tìtorí rẹ̀ fi owó kún owó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wádìí bóyá ó ti dé ibi tí òun ń gbé àti ibi tí òun ti ń ṣiṣẹ́. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ó dà bí ẹni tí ó ra ọkọ̀ ojú omi sí ìlú tí kò ní odò.

Ohun kẹfà ni ìfaradà. Samsung yìí ní àmì IP67, èyí tí ó túmọ̀ sí pé eruku kò lè wọ inú rẹ̀, àti pé bí ó bá bọ́ sínú omi tí kò ní iyọ̀, tí kò jìn ju mítà kan lọ, ó lè wà níbẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ó má bàjẹ́. Infinix kò ní irú ààbò bẹ́ẹ̀. Òjò wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ ni ó lè fara dà.

Ohun keje ni ọjọ́ orí fóònù, ó sì jẹ́ ohun tí ojú kò lè rí nínú ṣọ́ọ̀bù. Ètò tí ń darí fóònù, tí a ń pè ní Android, a máa ní ìran tuntun lọ́dọọdún. Fóònù tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ kò bá fún ní àtúnṣe mọ́ yóò máa ṣiṣẹ́ síbẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì yóò mọ ihò ara rẹ̀, tí ó bá sì pẹ́, àwọn ètò báńkì pàápàá lè kọ̀ láti ṣí lórí rẹ̀. Samsung ṣe ìlérí ìran Android mẹ́rin àti ọdún márùn-ún àtúnṣe ààbò fún A54. Ìlérí ti Infinix fún Note 30 Pro kúrú ju èyí lọ. Nípa báyìí, a lè mú un pé ọdún márùn-ún ni Samsung yóò fi wúlò dáadáa, kí Infinix sì wúlò fún ọdún mẹ́ta.

Nígbà tí wọ́n tò ó tán, àbúrò náà ṣe ìṣirò. Samsung àti ṣájà rẹ̀ jẹ́ ₦365,000. Bí a bá fi ọdún márùn-ún pín in, ó jẹ́ ₦73,000 lọ́dún, èyí ni ₦200 lójúmọ́. Infinix jẹ́ ₦230,000. Bí a bá fi ọdún mẹ́ta pín in, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ₦76,700 lọ́dún, èyí ni ₦210 lójúmọ́. Ojú rẹ̀ dán. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ rí i? Èyí tí ó wọ́n gan-an ni kò wọ́n. Ẹ jẹ́ kí a ra èyí tí yóò pẹ́."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gba ìwé náà, ó wò ó fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó béèrè pé, "Bí ó bá wá já bọ́ lọ́wọ́ mi ní ọdún kẹta ńkọ́, tí ó fọ́ kọjá àtúnṣe?"

Àbúrò rẹ̀ tún ìṣirò ṣe. Bí ọdún mẹ́ta péré ni Samsung bá lò, ₦121,700 ni yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ lọ́dún. Ní ìdà kejì, bí ẹni tí ó ra Infinix bá tọ́jú rẹ̀ tí ó sì lò ó fún ọdún mẹ́rin, ₦57,500 ni yóò jẹ́ lọ́dún. Iye tí fóònù tó kò sí lórí páálí rẹ̀ nìkan; ó wà ní ọwọ́ ẹni tí ń lò ó pẹ̀lú. Ọwọ́ aránṣọ kì í sinmi, orí tábìlì rẹ̀ sì kún fún síṣọ́ọ̀sì, áyọ́ọ̀nù àti ọmọ iṣẹ́ tí ń sáré.

Ó tún bi í pé, "Èló ló wà lọ́wọ́ mi?"

"₦360,000 ni, ẹ̀gbọ́n mi."

"Bí mo bá ra èyí tí o fẹ́, mo ti jẹ gbèsè ₦5,000 kí n tó jáde níhìn-ín, n kò sì tíì san owó ìsọ̀. Fóònù tí yóò pẹ́ fún ọdún márùn-ún dára. Ṣùgbọ́n bí onílé bá lé mi ní oṣù tí ń bọ̀, aṣọ ta ni n ó máa yà fún ọdún márùn-ún?"

Akẹ́kọ̀ọ́ náà kò lè dáhùn. Ìṣirò rẹ̀ pé, ṣùgbọ́n ohun kan wà tí kò kọ sínú rẹ̀. Ó fi ọdún wọn owó, kò sì rántí fi àìní wọ̀n ọ́n. ₦120,000 tí ó wà láàárín fóònù méjèèjì kì í ṣe nọ́ńbà lásán fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀; orí òrùlé ìsọ̀ rẹ̀ ni. Ó fa ìlà sí abẹ́ ohun tí ó ti kọ, ó sì tún kọ ọ́ báyìí: Infinix, ₦230,000, owó ìsọ̀, ₦120,000, àpò fóònù àti gíláàsì ààbò, ₦10,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦360,000 géérégé.

Kí wọ́n tó sanwó, wọ́n ṣe ohun tí olóye oníbàárà ń ṣe. Wọ́n tẹ *#06#, wọ́n sì fi nọ́ńbà oníhò 15 tí ó jáde wé èyí tí a tẹ̀ sí ara páálí, kí wọ́n lè mọ̀ pé fóònù àti páálí kò yàtọ̀ síra. Wọ́n béèrè iye tí wọn yóò fi pa gíláàsì ojú rẹ̀ dà bí ó bá fọ́, àti ibi tí Carlcare wà, èyí tí í ṣe ilé iṣẹ́ tí ń tún fóònù Infinix, Tecno àti itel ṣe. Wọ́n gba rìsíìtì tí orúkọ ṣọ́ọ̀bù àti ọjọ́ wà lórí rẹ̀, nítorí òfin àpapọ̀ ti ọdún 2018 lórí ààbò oníbàárà fún ẹni tí ó ra ọjà alábàwọ́n ní ẹ̀tọ́, ṣùgbọ́n rìsíìtì ni ẹlẹ́rìí rẹ̀.

Ǹjẹ́ èyí fi hàn pé Infinix dára ju Samsung lọ? Rárá o. Bí ó bá jẹ́ pé ẹni tí ń ya fídíò ìgbéyàwó ní alẹ́ ni ó wá sí ọjà ní ọjọ́ náà, tàbí òṣìṣẹ́ ìjọba kan tí kò jẹ gbèsè, tí ń tọ́jú nǹkan, tí ó sì fẹ́ lo fóònù kan fún ọdún márùn-ún, Samsung ni ì bá jẹ́ èrè fún un, òwe tí ó wí pé ọ̀wọ́n là ń ra ògo ì bá sì ṣẹ sí i lára. Fún aránṣọ tí ń ya aṣọ rẹ̀ ní ojú ọ̀sán níwájú ìsọ̀, tí iná kì í dúró fún, tí onílé sì ń dúró dè, Infinix ni ó tó owó rẹ̀. Kí a tó béèrè pé, "Èwo ni ó dára jù?" ó yẹ kí a kọ́kọ́ béèrè pé, "Ta ni yóò lò ó, kí ni yóò fi ṣe, kí ni owó tí ó ṣẹ́kù yóò sì ṣe fún un?"

Àwọn méjèèjì wọ ọkọ̀ Micra padà sí Challenge. Aránṣọ náà kọ́kọ́ yà sí ọ̀dọ̀ onílé, ó sanwó, ó sì gba ìwé. Lẹ́yìn náà ni ó ṣí ìsọ̀, ó ta léèsì náà sí ara ògiri ní ìta níbi tí oòrùn ti ń wọlẹ̀, ó sì yà á. Àwòrán náà dára.

ÌTUMỌ̀ ÀWỌN Ọ̀RỌ̀

Ọ̀bùn: ẹni tàbí ohun tí kò mọ́ tónítóní, tí kò gbayì.
Àká: ibi tí a ń kó nǹkan pamọ́ sí, níhìn-ín, ibi ìpamọ́ inú fóònù.
Tòkunbọ̀: ohun àlòkù tí a kó wá láti òkè òkun.
Adìrẹ ẹlẹ́kọ: aṣọ aláró tí a fi ẹ̀kọ ya ọnà sí kí a tó rẹ ẹ́.
Wáàtì: òṣùwọ̀n agbára iná.
Géérégé: láìlé, láìdín.

ÌBÉÈRÈ

1. Kí ni ó mú kí aránṣọ náà pàdánù iṣẹ́ àwọn ọmọge mẹ́fà?
2. Ṣe àlàyé ìdí tí kámẹ́rà oní-mílíọ̀nù 108 kò fi ju ti oní-mílíọ̀nù 50 lọ.
3. Bátìrì fóònù méjèèjì dọ́gba. Kí ni ìdí tí ọ̀kan fi tètè ń kún ju èkejì lọ?
4. Bí a bá lo Samsung náà fún ọdún mẹ́rin péré, èló ni yóò jẹ́ lọ́dún? Fi iye tí ó wà nínú ẹ̀kọ́ yìí ṣe ìṣirò rẹ.
5. Kí ni akẹ́kọ̀ọ́ náà gbàgbé nínú ìṣirò rẹ̀ àkọ́kọ́?
6. Lo àwọn gbólóhùn wọ̀nyí nínú gbólóhùn ti ara rẹ: dá ṣáká, já mọ́ nǹkan, ní ìdà kejì, jẹ gbèsè.

ÀRÒKỌ

Mú ohun èlò méjì tí ènìyàn lè rà fún iṣẹ́ kan náà, bí ẹ̀rọ ìránṣọ méjì tàbí kẹ̀kẹ́ méjì. Fi wọ́n wé ara wọn ní ọ̀nà márùn-ún ó kéré tán, kí o sì sọ ẹni tí ọ̀kọ̀ọ̀kan yẹ fún. Tàbí kí o kọ àròkọ lórí òwe yìí: "Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́."